Àdúrà Oorun tí Àkànó Fọ̀ Mu

Kò sí iṣẹ́ tí Àkànó ará Kambolé ní ilẹ̀ Tógò mọ̀ ọ́n ṣe bí oorun. Ó mọ iṣu gbìn, ṣùgbọ́n àwọn kan mọ̀ ọ́n gbìn jù ú lọ. Ó ń kírun, ṣùgbọ́n tó bá kí i débì kan, á máa wo ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti mọ ibi tí wọ́n dé. Tó bá wá kan oorun, kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ó ń sùn lórí ẹní, ó ń sùn lábẹ́ igi ẹ̀mí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ó sùn níbi tí wọ́n ti ń gbé òkú bàbá rẹ̀ sin, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ sì ń sọ fún àlejò pé ìbànújẹ́ ló mú un dákú. Irú ọkùnrin yìí ni Ọlọ́run yàn láti mú wá sáyé ní ìgbà àwọn Jámánì, nígbà tí ọkùnrin kan kò lè sùn nílé ara rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé àṣejù ni àwọn àgbà ń sọ. Òyìnbó Jámánì tó wà ní Sokodé fẹ́ ọ̀nà. Ó fẹ́ ọ̀nà tó gbòòrò, tó tọ́, tí ẹṣin méjì lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Nítorí náà ni àwọn sójà rẹ̀ fi ń wọ ìlú wá mú ọkùnrin. Wọn kì í wá lọ́sàn-án tí ojú ń rí wọn. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń wá, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, wọ́n á yí ilé ká, wọ́n á wọ ọkùnrin jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n á so okùn mọ́ ọn lọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń mú lọ ọjà Koussountou. Ẹni tí wọ́n bá mú, iṣu rẹ̀ á ti jẹrà nínú ebè kí ó tó padà, bí ó bá máa padà.

Kí wá ni àwa akọni Kambolé ṣe? A sá lọ sóko. Tí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ alẹ́ tán, gbogbo ọkùnrin á ká ẹní, wọ́n á gbé e sí èjìká, wọ́n á gba ọ̀nà oko lọ sùn ní abà. Ìlú á wá ku àwọn obìnrin, àwọn arúgbó àti ewúrẹ́. Lọ́wọ́ òwúrọ̀, wọ́n á padà wálé pẹ̀lú ìrì lórí fìlà, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin.

Ní ti Àkànó, abà kò bá a lára mu rárá. Ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, ewé tó bá já bọ́ ń bà á lẹ́rù, tí ọ̀yà bá sáré kọjá nínú koríko, á ní sójà ni. Ó ń jókòó di ojúmọ́ pẹ̀lú ojú pupa. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó. Aya rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dá gún iyán ara rẹ̀ kí àwọn àgbà tó bá a tọrọ Bàlíkísù, ọmọ Hàwáù. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Bàlíkísù. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ohùn Hàwáù máa ń dé ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, àwọn adìẹ pàápàá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, Hàwáù dé, kò jókòó. Àkànó dọ̀bálẹ̀. Hàwáù kò ní kí ó dìde.

Ó ní, "Àkànó, ọmọ ni mo fún ọ. N kò fún ọ ní ajá tí yóò máa bá ọ ṣọ́ ilé."

"Ìyá, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Mo ní ọkọ tó ń sùn sínú ebè, ọkọ kọ́ nìyẹn, ọ̀yà ni. Ọmọ mi ń dá sùn bí opó, o sì wà láàyè, ò ń jẹun. Bí iṣu tuntun bá jáde tí o kò tíì máa sùn nílé, màá wá mú ọmọ mi lọ."

"Àwọn sójà ńkọ́, Ìyá?"

"Ṣé sójà ni mo fi ọmọ mi fún ni? Ọkọ tèmi, ilé ló ń sùn títí Ọlọ́run fi pè é."

Ó wà lẹ́nu Àkànó láti sọ pé nígbà tí ọkọ Hàwáù ń sùn nílé, Jámánì kankan kò tíì dé Sokodé. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ ro ẹjọ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Hàwáù yípadà, ó lọ, Bàlíkísù sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Àkànó fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ̀rù pípadánù Bàlíkísù bà á ju ẹ̀rù okùn sójà lọ.

Ó wá gbọ́ pé àfáà ńlá kan wà ní Komah, ní Sokodé, tó ń ṣe tírà àìrí. Wọ́n ní tí o bá so tírà náà mọ́ òkè ilẹ̀kùn, sójà á dé ẹnu ọ̀nà rẹ, igbó ni yóò máa rí. Àkànó mú àkùkọ méjì, ó fi ọ̀nà ńlá sílẹ̀ nítorí pé orí ọ̀nà ńlá ni wọ́n ti ń mú ènìyàn, ó gba inú igbó kọjá lẹ́yìn Tchamba, ẹ̀gún sì ya á lẹ́sẹ̀ títí ó fi dé Sokodé. Nígbà tó dé Komah, ó béèrè ilé àfáà. Obìnrin kan tó ń ta iyọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé àfáà kò sí nílé. Àwọn sójà ń wá a, ó ti sá lọ sí Bago. Ọkùnrin tó ń ta àìrí fún gbogbo ayé kò rí ọ̀kan so mọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ìbá ti padà sílé pẹ̀lú àkùkọ rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àkànó kò padà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì wọ̀ sí agbolé kan tí wọ́n ti ń gba àlejò. Nínú yàrá tí wọ́n fi í sí, ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fílípì. Ọmọ Àtàkpàmé ni, Yorùbá ló ń sọ bíi tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Káfíńtà ni, onígbàgbọ́ sì ni. Ní ìgbà náà, ọwọ́ lo fi máa ka onígbàgbọ́ tó wà ní gbogbo Sokodé, nítorí pé òyìnbó kò fẹ́ kí àwọn oníwàásù gòkè wá síbẹ̀ nígbà yẹn. Kí Fílípì tó sùn, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, ó di ojú, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Àkànó ń gbọ́ ìhanrun náà, omi ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ òórùn ẹran díndín nílé aládùúgbò.

Ó kù díẹ̀ kí ojúmọ́ mọ́ ni àwọn sójà dé agbolé náà. Àkànó, tí kò sùn, ló kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Kò jí ẹnikẹ́ni. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó gun àká ọkà tó wà lẹ́yìn yàrá, ó sì bọ́ sínú rẹ̀ títí dé ọrùn. Láti ibẹ̀ ló ti ń yọjú. Ó rí i tí wọ́n wọ àwọn ọkùnrin jáde láti yàrá kan sí èkejì. Ó rí i tí sójà kan wọ yàrá tiwọn, tó gbé fìtílà sún mọ́ ojú Fílípì, tó wò ó, tó sì jáde. Fílípì kò tilẹ̀ yíra padà. Wọ́n kó àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní làákàyè, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Káfíńtà òyìnbó ni Fílípì, òun ló ń kan ilẹ̀kùn àti àga fún un, kò sì sí sójà tó máa lọ fi okùn so ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń dúró dè láti wá parí ibùsùn. Gbogbo Komah ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkànó nìkan ni kò mọ̀. Ohun tí òun rí láti inú àká ni ọkùnrin kan tó gbàdúrà, tó sùn, tí sójà tan iná sí lójú tí kò sì rí i.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó jáde kúrò nínú ọkà pẹ̀lú èèpo lórí irùngbọ̀n, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Fílípì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ sọ kí ẹ tó sùn lánàá?"

Fílípì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àdúrà ni. Mo fi ara mi lé Olúwa lọ́wọ́."

"Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Fílípì sọ ọ́: "Olúwa, ọjọ́ ti lọ, iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi. Dárí ohun tí mo ṣe tí kò dára jì mí. Mo fi ara mi àti ẹ̀mí mi lé ọ lọ́wọ́. Jẹ́ kí áńgẹ́lì rẹ ṣọ́ ẹní tí mo sùn lé. Bí mo bá jí, tìrẹ ni mí. Bí n kò bá jí, tìrẹ náà ni mí. Ní orúkọ Jésù, àmín."

Àkànó ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ títí Àkànó fi mọ̀ ọ́n lórí, ẹni tí kò mọ iye rákà ìrun rẹ̀. Fílípì, kí n má purọ́ mọ́ ọn, kìlọ̀ fún un. Ó ní, "Kì í ṣe tírà o. Kò ní kí ohunkóhun má ṣe ọ́. Ó ń sọ pé ohunkóhun tó bá ṣe ọ́, ọwọ́ Olúwa lo wà." Àkànó ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba ti òsì jáde. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń ṣe ìṣirò tirẹ̀: òyìnbó ló ni sójà, onígbàgbọ́ ni òyìnbó, Ọlọ́run onígbàgbọ́ ni ọ̀gá ọ̀gá sójà. Ta ló tún kù tí ènìyàn máa fi ẹjọ́ sùn? Ó fún Fílípì ní àkùkọ méjèèjì, Fílípì sì gbà á. Kò sọ fún un pé ilẹ̀kùn òyìnbó ni òun ń kàn. Ó dùn mọ́ ọn pé mùsùlùmí kan kúnlẹ̀ níwájú òun nítorí àdúrà òun, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Àkànó dé Kambolé, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò ṣe. Àdúrà tí agbára wà nínú rẹ̀, àwa kì í fi ẹnu lásán sọ ọ́ kí a sì lọ sùn. À ń kọ ọ́ sára wàláà onípákó ni, a ó fi omi fọ tàdáà rẹ̀ kúrò, a ó mu omi náà. Bí a ṣe ń ṣe fún ibà, fún àgàn, fún ọmọ tí kò mọ Kéú, bẹ́ẹ̀ náà la óò ṣe fún sójà. Ó gbéra, ó lọ bá Àfáà Ṣítù.

Àfáà Ṣítù ni wọ́n ń pè ní alábòójútó ẹ̀sìn ní àdúgbò náà. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Jésù, ó fò sókè. "Àúsù bílláhì! Àdúrà kèfèrí ni o gbé wá sílé mi?" Àkànó ní òun mú ẹyẹ ẹtù kan lọ́wọ́. Àfáà Ṣítù jókòó padà. Ó wo ẹtù náà, ó ronú díẹ̀, ó ní tí a bá wò ó dáadáa, Ànábì Ìsà náà Ànábì ni, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní kí a má dárúkọ rẹ̀. Ó yọ Jésù kúrò, ó fi Ànábì Ìsà sí i. Ó fa gègé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá Fílípì sára wàláà.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àdúrà ti ní "bí n kò bá jí," Àkànó di ọwọ́ àfáà mú.

Ó ní, "Ẹ yọ ìyẹn. N kò fẹ́ ìyẹn."

"Ó wà nínú rẹ̀."

"Àfáà, èmi ló máa mu ún. Kí ni n óò fi àìjí ṣe? Ẹ yọ ọ́, ẹ fi sójà sí i. Ẹ kọ ọ́ pé kí sójà má rí mi."

Àfáà Ṣítù yọ ọ́. Ó kọ ohun tí Àkànó wí. Ó tún bá a yọ ibi ìdáríjì, nítorí pé wàláà ti ń kún, Àkànó sì ní òun kò rántí ohun burúkú kan tí òun ṣe. Bí wọ́n ṣe gé orí àti ìrù àdúrà ọlọ́dún pípẹ́ nìyẹn, tí wọ́n fi omi fọ ìyókù sínú igbá. Àkànó mu nínú rẹ̀, ó bu díẹ̀ fún Bàlíkísù, ó wọ́n ìyókù sí ẹnu ọ̀nà àti sórí ẹní. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ́ ẹní sílé. Àwọn ará àdúgbò gbọ́ ìhanrun rẹ̀, wọ́n sì rò pé ẹran ńlá kan ti wọ ìlú.

Hàwáù dé lówùúrọ̀ láti wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó bá àna rẹ̀ tó ń fọ ẹnu nílé, láìsí ìrì lórí fìlà rẹ̀. Ó wo Bàlíkísù, Bàlíkísù ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Hàwáù ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. O ti wá di ọkùnrin." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn káàkiri ìlú pé òun ló sọ ọ́ di ọkùnrin.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Àwọn odò tó wà láàrin wa àti Sokodé kún dé ẹnu, omi gbá afárá ìtàkùn lọ, sójà kankan kò lè sọdá. Àkànó ní àdúrà òun ni. Nígbà tí ìlú rí i pé oṣù ń lọ tí ẹnikẹ́ni kò wá mú un, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn bí ó ṣe yé Àkànó. Àwọn ìyàwó tiwọn náà ń bi wọ́n pé kí ló dé tí ọkọ Bàlíkísù ń sùn nílé. Ọ̀kan wá bu omi wàláà, èkejì wá, Yàhàyá, ará àdúgbò tó máa ń rìn bí ìjòyè, náà wá. Àkànó ń pín in nínú igbá bí ẹni ń pín ọbẹ̀, ó ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kọjú sí nígbà tí wọ́n bá ń mu ún, ó sì ti ń dàgbà sí i lójú ara rẹ̀. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ṣùgbọ́n Àkànó mọ̀ ọ́n ju bó ti yẹ lọ.

Àwọn kan kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè mu ọ̀rọ̀ kèfèrí, wọ́n sì ń ká ẹní wọn lọ sóko bí ìṣe wọn. Àfáà Ṣítù gan-an dìde ní mọ́sálásí, ó ní òun fi ọwọ́ kọ ọ́ ni, òun kò fi ẹnu kàn án, Ọlọ́run sì ṣe ẹlẹ́rìí. Gbogbo ènìyàn ní alìbárìkà.

Ọyẹ́ dé, odò fà. Àwọn sójà náà dé.

Ohun tí àwọn sójà máa ń bá ní Kambolé nígbà tí wọ́n bá dé ni ìyá arúgbó tó ń pariwo àti ewúrẹ́. Ní òwúrọ̀ yẹn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, wọ́n bá ọkùnrin. Wọ́n ṣí èkejì, ọkùnrin. Ilé ni gbogbo wọn wà, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀, ọwọ́ wọn tẹ́ gbọọrọ, wọ́n ń sùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọyàn yó. Olórí sójà náà, Haúsá kan, dúró ní àgbàlá, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò rí irú ìlú onínúure bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn sójà ń ké "Táṣì! Táṣì!" kí àwọn ènìyàn dìde, okùn tí wọ́n mú wá kò sì tó, wọ́n ní láti tú ti ewúrẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Àkànó, wọ́n ti so ó tán kí ó tó jí. Bàlíkísù ń ké, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú. Àkànó la ojú, ó rí sójà tó tẹrí ba lórí rẹ̀, ó rí okùn. Ó fi gbogbo ìgboyà tó wà nínú ayé rẹ̀ wo ọkùnrin náà, ó ní:

"Ẹ kò rí mi."

Sójà béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá pé kí ló wí. Ẹnìkejì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìbọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìdí ìbọn tì í jáde, ó ṣì ń wò wọ́n bóyá ojú wọn kò ní pẹ́ fọ́.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: nínú àwọn tí wọ́n mú ni Àfáà Ṣítù wà. Ilé ló wà, lórí ẹní, lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn bi í pé kí ló ń ṣe nílé nígbà tí kò mu omi wàláà, ó ní búùtà àlùwàlá òun ni òun wá mú. Yàhàyá tó wà níwájú rẹ̀ lórí okùn yíjú padà wò ó. Àwọn tó kọ̀ láti mu ún padà láti oko pẹ̀lú ìrì lórí fìlà, wọ́n lọ sí mọ́sálásí, wọ́n ní ẹ̀sìn ló gbà wọ́n là. Abà ló gbà wọ́n là, ẹ̀fọn ló sì ṣọ́ wọn.

Ibi iṣẹ́ ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sokodé ni wọ́n kó wọn lọ. Fílípì wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti fi igi tuntun sí àwọn ọkọ́ tí igi wọn ti yọ. Àkànó rí i, ó sì bú sí igbe láàrin eruku.

"Opurọ́! Àdúrà rẹ, irọ́ ni!"

Fílípì súnmọ́ ọn, ó dá a mọ̀, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àkànó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: wàláà, igbá, ibi tí wọ́n yọ àti ibi tí wọ́n fi sójà sí. Ẹnu ya Fílípì.

Ó ní, "Àdúrà ni mo ní kí o gbà. N kò ní kí o mu ún."

"Àwọn sójà kò mú ìwọ!"

"Ta ni yóò mú mi? Èmi ni mò ń kan ibùsùn ọ̀gá wọn."

Àkànó nu eruku ojú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Fílípì ní kò bi òun. Ó ní ohun tó béèrè ni ohun tí òun sọ kí òun tó sùn. Ó dúró díẹ̀ sí i, ojú ń tì í, ó sì yẹ kí ojú tì í, nítorí pé àkùkọ méjèèjì ti di ọbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ó gbé àwọn ọkọ́ náà, ó lọ.

Nílé, Hàwáù kò jẹ́ kí ẹkún ọmọ rẹ̀ tutù. Ó dé pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ó ní kí Bàlíkísù di ẹrù. "Mo sọ ọ́. Mo ní n kò fẹ́ ọkọ tí kì í sùn nílé. Níbo ló wà báyìí? Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

Bàlíkísù tó jókòó lórí ẹní kò dìde. Obìnrin jẹ́jẹ́ yìí, tí kò sọ̀rọ̀ sókè rí, gbé ojú sókè sí ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ní kí ó máa sùn nílé. Ilé ló sùn. Ilé ni wọ́n ti mú un."

Hàwáù ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ kankan kò jáde. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn máa rí irú rẹ̀, àwọn sì dúró kí ó parí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fẹ́ parí. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè ibi tí odó wà.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n ru iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dé ibi iṣẹ́ ọ̀nà náà, wọ́n sùn sí Tchamba lọ́nà. Hàwáù bẹ sójà tó ń ṣọ́ wọn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé Bàlíkísù wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n jẹ́ kí Àkànó jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ti rù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, eruku pupa ti kún irùngbọ̀n rẹ̀. Síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí òkúta. Hàwáù ní kí ó dìde, kí ó jẹun. Bàlíkísù ń bá a fi omi ṣan ọwọ́, kò lè wo ojú rẹ̀.

Ó jẹun bí ẹni tí ebi ń lé. Hàwáù ń wò ó. Ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu imú.

Ó béèrè pé, "Níbo ni wọ́n fi yín sí lálẹ́?"

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, Ìyá. Ibi tí iṣẹ́ bá ká wa mọ́."

"O tilẹ̀ ń rí oorun sùn?"

Àkànó dá òkèlè tó mú dúró. Ó wo sójà tó jókòó lórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lórí ẹsẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá wo Hàwáù.

Ó ní, "Mo ń sùn, Ìyá. Láti ìgbà tí Jámánì ti dé, n kò sun irú oorun yìí rí. Ta ló tún kù tí yóò wá mú mi?"